Ìbọn Ìléwọ́ Afẹ́fẹ́ Tí Ọta Rẹ̀ Ń Fọ́n Ká: Àkọsílẹ̀ Iṣẹ́ Kan ní Àkúrẹ́

Ìbọn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí jẹ́ ìbọn ìléwọ́ afẹ́fẹ́ tó ń lo sípíríǹgì, tó sì ń gba ọta ẹyọ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan; ọ̀pá rẹ̀ ni a ń tẹ̀ wálẹ̀ kí a tó yìn ín. Wọn kò ṣe é fún ọdẹ. Eré ìdárayá ni wọ́n ṣe é fún, kí ènìyàn máa fi yìnbọn sí páálí láti mítà 10. Ilẹ̀ Jámánì ló ti wá. Bàbá tó ni ín ń gbé ní Òkè-Àró ní Àkúrẹ́ níbí, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, Bàbá Tíṣà sì ni tọmọdé tàgbà ń pè wọ́n. Nígbà tí wọ́n wà ní ọ̀dọ́, wọ́n lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Jámánì, níbi tí ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi ìbọn ṣeré ìdárayá ti wọ́pọ̀ dé àwọn ìlú kéékèèké, wọ́n sì wọ ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ náà. Ìbọn yìí ni wọ́n fi ń ṣeré níbẹ̀, òun náà ni wọ́n sì mú bọ̀ wálé.

Iṣẹ́ tèmi ni títún àwọn ẹ̀rọ tí wọn kò tóbi ṣe: òṣùwọ̀n àwọn oníwúrà, ẹ̀rọ ìránṣọ, awò ilé ẹ̀kọ́, àti ìbọn afẹ́fẹ́ gígùn tí àwọn àgbẹ̀ fi ń lé ẹyẹ lóko. Ẹjọ́ tí Bàbá gbé wá bá mi kò gùn. Wọ́n ní, “Ẹnjinníà, ìbọn yìí kò gbọ́ tèmi mọ́. Ibi tí mo kọjú rẹ̀ sí kọ́ ni ó ń lọ, ibi tó sì lọ lánàá kọ́ ni ó ń lọ lónìí.” Gbólóhùn kejì yẹn ni mo dì mú, nítorí òun ló sọ irú àìsàn tó ń ṣe ìbọn náà fún mi kí n tó fọwọ́ kàn án.

Òfin ìbọn ilẹ̀ wa ti ọdún 1959 ka ìbọn ìléwọ́ tó ń lo ẹ̀tù mọ́ àwọn tí ará ìlú kò gbọ́dọ̀ ní láìjẹ́ pé Ààrẹ fọwọ́ sí i, ó sì ka ti afẹ́fẹ́ mọ́ àwọn tí ènìyàn gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ fún. Ìwé àṣẹ Bàbá wà nílẹ̀, wọ́n sì gbé e fún mi kà kí ìbọn náà tó kúrò nínú àpótí. N kì í tún ìbọn tí kò níwèé ṣe, bó ti wù kó kéré tó.

Lára ọ̀pá rẹ̀ ni wọ́n lu “Kal. 4,5” sí, pẹ̀lú àmì ìdánudúró díẹ̀ láàárín nọ́ńbà méjèèjì gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Jámánì ti máa ń kọ ọ́, ìyẹn ni pé mìlímítà 4.5 ni inú ọ̀pá náà fẹ̀. Mo wá lẹ́tà F tó máa ń wà nínú àmì onígun márùn-ún, èyí tí òfin Jámánì sọ di dandan láti ọdún 1970 fún àwọn ìbọn afẹ́fẹ́ tí agbára wọn kò ju júùlù 7.5 lọ, n kò sì rí i. Ìbọn náà ti wà kí àmì yẹn tó dé, ọ̀rọ̀ Bàbá sì bá a mu. Mo ń wo irú nǹkan báyìí nítorí pé ìbọn tó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, awọ ni wọ́n sábà máa ń fi dí àwọn ibi tí afẹ́fẹ́ lè gbà jò, kì í ṣe rọ́bà, awọ sì ní ọ̀nà tirẹ̀ tó máa ń gbà bàjẹ́ nínú ọyẹ́ ilẹ̀ wa.

Bàbá fún mi ní nǹkan mìíràn tó wúlò ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ: àpò ìwé kan tí wọ́n kó àwọn páálí ìgbà náà sí. Lórí páálí kọ̀ọ̀kan, ihò ọta márùn-ún wà níbi kan tí àtàǹpàkò àgbàlagbà lè bò pátápátá. Ohun tí ìbọn náà lè ṣe nìyẹn nígbà tí ara rẹ̀ le. Láìsí páálí wọ̀nyẹn, mo lè máa wá ohun tí kò sí nínú ìbọn náà rárá, tàbí kí n tètè gbà pé ó ti tó nígbà tí kò tíì tó.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹni tó bá ní irú ìbọn yìí mọ̀ dájú. Ìṣòro méjì tó yàtọ̀ síra pátápátá ni àwọn ènìyàn ń pè ní “ìbọn yìí kò bà á”. Ó lè jẹ́ pé àwọn ihò ọta sún mọ́ ara wọn dáadáa ṣùgbọ́n tí gbogbo wọn jìnnà sí àárín páálí. Ìyẹn kò ju kí a sún ìfojúsùn ẹ̀yìn díẹ̀ lọ, ìyẹn irin kékeré ẹ̀yìn ìbọn tí a máa ń tò mọ́ ti iwájú bí a bá ń fojú sùn. Ó sì lè jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n fọ́n ká, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò sí bí a ṣe lè sún ìfojúsùn tó tí yóò kó ohun tó fọ́n ká jọ. Ẹni tó tún ìbọn yìí ṣe kó tó dé ọ̀dọ̀ mi ti sún ìfojúsùn ẹ̀yìn dé òpin ọ̀nà rẹ̀ ní apá ọ̀tún, ó sì ti da ọ́ìlì sí i. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Mo dá ìfojúsùn náà padà sí àárín gan-an, mo dè é pinpin kó má bàa mì, mo sì pinnu pé n kò ní fọwọ́ kàn án mọ́ títí ihò ọta yóò fi kóra jọ.

Ẹ̀yìnkùlé ilé Bàbá ni a ti dán an wò, níbi tí ògiri gíga wà lẹ́yìn. Mo to àpótí onípákó kan tí mo fi àkísà àti amọ̀ kún, mo gbé pẹlẹbẹ irin sí ẹ̀yìn rẹ̀, a ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé pa kí ọmọdé má bàa ṣèèṣì wọlé, àwa méjèèjì sì wọ gíláàsì ojú. Mo fi téèpù wọn mítà 10. Mo fi kọ́ńpáàsì fa páálí tuntun ní ìwọ̀n tí wọ́n ń lò ní ìdíje àgbáyé: òbìrìkìtì àárín, èyí tó gba máàkì 10, jẹ́ mìlímítà 11.5 ní fífẹ̀, èyí tó gba 9 jẹ́ 27.5, apá dúdú lápapọ̀ sì jẹ́ 59.5.

Àpò iyanrìn ni mo gbé sórí tábìlì, ṣùgbọ́n ọrùn ọwọ́ mi ni mo gbé lé e, kì í ṣe ìbọn náà. Ìbọn tó ń lo sípíríǹgì kò dúró jẹ́ẹ́ bí a bá fa tírígà. Sípíríǹgì ń ti písítìn, irin tó ń sáré nínú ara ìbọn, lọ síwájú, písítìn ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀, gbogbo ara ìbọn sì ti ń mì kí ọta tó kúrò nínú ọ̀pá. Bí a bá gbé irin rẹ̀ lé ohun líle, ohun líle náà yóò ti ìbọn sókè nígbà tí ọta ṣì wà nínú ọ̀pá, a ó sì máa wá àìsàn sára ìbọn nígbà tó jẹ́ pé tábìlì ló ni ẹ̀bi. Ọwọ́ ni kó dì í mú, bákan náà ní gbogbo ìgbà, láì fún un pa.

Páálí àkọ́kọ́ burú. Àwọn ihò náà tẹ́ káàkiri ibi tó ga tó mìlímítà 70, tó sì fẹ̀ tó 40. Bí ìbọn náà ṣe ń dún kò bára mu: ìgbà mìíràn á dún gbì, ìgbà mìíràn á dún pàá bí ìbọn onídán ọmọdé ìgbà Kérésì. Bí mo bá sì tẹ ọ̀pá rẹ̀ wálẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti dún gan-an, èéfín fẹ́ẹ́rẹ́ máa ń yọ láti ìdí ọ̀pá, pẹ̀lú òórùn ọ́ìlì tó jóná.

Ọta ni mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò nítorí pé òun ló rọrùn jù láti pààrọ̀. Èyí tó wà nínú agolo Bàbá ti pẹ́ débi pé ìyẹ̀fun funfun ti bo òjé rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ìdí wọn sì ti tẹ̀. Ọta yìí ní ìbàdí tó tẹ́ẹ́rẹ́, ìdí rẹ̀ sì ṣófo; afẹ́fẹ́ ló ń fẹ ìdí náà jáde kó lè fara mọ́ àwọn ìlà wíwé inú ọ̀pá tó ń mú kí ọta máa yí. Bí ìdí bá ti tẹ̀, afẹ́fẹ́ yóò gba ẹ̀gbẹ́ kan jò, ọta yóò sì jáde ní wíwọ́. Mo pààrọ̀ wọn pẹ̀lú agolo tuntun tí orí ọta rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, irú èyí tó máa ń gé ihò róbótó sí páálí. Orí ọta mìlímítà 4.5 kì í ṣe ọgbọọgba délẹ̀délẹ̀: àwọn tó ń ṣe é ń tà á ní 4.49, 4.50 àti 4.51, ọ̀pá kọ̀ọ̀kan sì ní èyí tó fẹ́ràn. Mo ti ọta mélòó kan wọ ìdí ọ̀pá náà pẹ̀lú àtàǹpàkò, mo sì mú èyí tó wọlé pẹ̀lú ìfúnra díẹ̀. Páálí sunwọ̀n díẹ̀, àmọ́ èéfín àti ìró méjì-méjì náà kò lọ.

Ìdí tí ihò fi ń ga tó sì ń lọ sílẹ̀ kò ṣòro láti ṣírò. Kí a ní ọta náà ń jáde pẹ̀lú eré mítà 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, èyí tó bá irú ìbọn yìí mu. Yóò lo ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá kó tó dé páálí, láàárín àkókò yẹn ilẹ̀ yóò ti fà á wálẹ̀ ní bí mìlímítà 49. Bí eré náà bá wálẹ̀ sí mítà 90, ọta yóò pẹ́ díẹ̀ lójú ọ̀nà, yóò sì lọ sílẹ̀ tó 60. Ìyàtọ̀ mìlímítà 11 ti ṣẹlẹ̀ nìyẹn, ọwọ́ ẹni tó yìn ín kò sì gbọ̀n, ojú rẹ̀ kò ṣe bàìbàì. Ìbọn tó ń dún gbì lónìí tó ń dún pàá lọ́la kò lè kó ihò rẹ̀ jọ láti òkè sílẹ̀.

Èéfín náà ti tú àṣírí ohun tó ń yí eré ọta padà. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ni ẹni tó tún un ṣe ṣáájú da sí ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde. Nígbà tí písítìn bá fún afẹ́fẹ́ pọ̀ lójijì, afẹ́fẹ́ náà á gbóná gan-an débi pé ọ́ìlì tó bá wà níbẹ̀ lè gbiná, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì tó ń lo dísẹ́ẹ̀lì. Ìgbà tó bá gbiná, ọta á sáré ju bó ṣe yẹ lọ; ìgbà tí kò bá gbiná, á padà sí eré tirẹ̀. Yàtọ̀ sí pé kò jẹ́ kí ọta bà sójú kan, iná yìí máa ń ba sípíríǹgì àti awọ písítìn jẹ́ bó bá pẹ́. Mo fi òwú wé orí igi tẹ́ẹ́rẹ́, mo sì fi nu ihò afẹ́fẹ́ náà ní àìmọye ìgbà títí òwú fi ń jáde ní funfun. Mo da ìbọn náà dojú ibi tí ọ́ìlì lè máa ro gbà, mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́, mo sì tún nù ún.

Lẹ́yìn náà ni mo dán ìdí ọ̀pá wò pẹ̀lú bébà ìnujú. Mo ya bébà náà tín-ínrín, mo gbé e lé ibi tí ìdí ọ̀pá ti pàdé ara ìbọn, mo ki ọta, mo sì yìn ín sínú àpótí amọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dán èyí wò láìki ọta: bí kò bá sí ọta tí yóò dá afẹ́fẹ́ dúró, písítìn yóò fi gbogbo agbára lu ògiri irin iwájú rẹ̀, ó sì lè fọ́ nǹkan níbẹ̀. Bébà náà fò lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ mi. Afẹ́fẹ́ tó yẹ kó wà lẹ́yìn ọta ń jò síta.

Wáṣà awọ tó yí ìdí ọ̀pá ká ni mo yọ wò. Ó ti gbẹ, ó le bí èpo igi, ó sì ti fi bí ìwọ̀n irun kan wọlé sísàlẹ̀ ojú irin, nígbà tó jẹ́ pé ó yẹ kó yọrí díẹ̀ kí irin méjèèjì lè fún un mọ́ra bí a bá pa ọ̀pá dé. Awọ tó ti rí ọyẹ́ Àkúrẹ́ lọ́dọọdún láìrí ìtọ́jú kò lè ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo mú un lọ bá aránbàtà kan ní Ọjà Ọba tó mọ awọ dunjú. Ó wò ó, ó tẹ̀ ẹ́ sáàárín eyín, ó ní awọ màlúù tí wọ́n fi ewé pa ni, ó sì gé òmíràn fún mi láti inú awọ ìgbànú tuntun tí kò ní ọ̀dà lójú. Mo fi abẹ fá a títí ó fi yọrí ju irin lọ ní nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá mìlímítà, mo rẹ ẹ́ sínú òróró silikónì tí kì í gbiná bọ̀rọ̀, mo sì jẹ́ kó ro kí n tó tẹ̀ ẹ́ sáyè rẹ̀. Nígbà tí mo tún gbé bébà síbẹ̀, kò mira.

Páálí yí padà lójú ẹsẹ̀. Gíga rẹ̀ wálẹ̀ sí bí mìlímítà 22, ìró ìbọn sì di ọ̀kan náà láti ọta dé ọta. Àmọ́ fífẹ̀ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dín kù. Ihò kan lè wà lápá òsì, èyí tó tẹ̀ lé e á wà lápá ọ̀tún, ọwọ́ mi kò sì yí padà. Bàbá wo páálí náà, wọ́n ní ohun tí àwọn rí lánàá àti lónìí nìyẹn gan-an.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń gbé ẹ̀bi lé ẹnu ọ̀pá. Ìpẹtà díẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀pá yìí lóòótọ́, ẹnìkan sì ti gba Bàbá nímọ̀ràn pé kí wọ́n gé e díẹ̀ kúrò. Mo fi òwú nu ẹnu ọ̀pá náà láti inú síta yíká, mo sì fi gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá wò ó: òwú kò há síbì kankan, kò sì sí ibi tó ya tàbí tó tẹ̀. Ẹnu ọ̀pá tí òwú kò há sí kò yẹ kí ayùn kàn án. Ìpẹtà náà wà lójú ìta, mo fi òróró ẹ̀rọ ìránṣọ nù ún kúrò, mo sì kọjá. Inú ọ̀pá fúnra rẹ̀ ní àmì ìpẹtà mélòó kan ní àárín, èyí tí òjò ọ̀pọ̀ ọdún fi síbẹ̀. Mo fi okùn ìpẹja tó nípọn fa òwú gba inú rẹ̀ láti ìdí sí ẹnu, nítorí pé ọ̀pá irin lè ha àwọn ìlà wíwé náà. Òjé dúdú jáde, ọ̀pá sì mọ́. Àmì ìpẹtà kò ṣeé nù, ṣùgbọ́n àwọn ìlà náà ṣì múná níbi tó ṣe pàtàkì jù, ìyẹn ẹnu ọ̀pá níbi tí ọta ti ń jáde.

Ìbọn yìí, ọ̀pá rẹ̀ ni a ń tẹ̀ wálẹ̀ láti fún sípíríǹgì. Nítorí náà bóòtù kan wà níbi tí ọ̀pá ti so mọ́ ara, lórí bóòtù náà ni ọ̀pá ń yí. Mo fi ọwọ́ òsì di ìdìmú ìbọn mú, mo fi ìka méjì ọwọ́ ọ̀tún di ẹnu ọ̀pá mú, mo sì tì í sọ́tùn-ún sósì jẹ́jẹ́. Ó mì. Mo gbé kálípà, irin tí a fi ń wọn nǹkan kékeré, sí i: láti òpin apá kan dé òpin apá kejì, ẹnu ọ̀pá ń rìn tó mìlímítà 1. Ẹni tó bá gbọ́ mìlímítà 1 lè rò pé kò jẹ́ nǹkan kan. Ọ̀pá náà gùn ní mìlímítà 200 láti bóòtù dé ìfojúsùn iwájú. Bí ìfojúsùn méjèèjì bá wà lára ìbọn tí ọ̀kankan kò sí lórí ọ̀pá, mìlímítà 1 lẹ́nu ọ̀pá ìbá di 50 lórí páálí ní mítà 10.

Kí ló wá dé tí kò tó 50? Ìfojúsùn iwájú wà lórí ọ̀pá, ó sì ń bá ọ̀pá rìn. Ojú ẹni tó ń yìnbọn á tún un tò láìmọ̀, á sì ṣe àtúnṣe apá tó pọ̀ jù nínú àṣìṣe náà. Ṣùgbọ́n ìfojúsùn ẹ̀yìn wà lára ìbọn, mìlímítà 80 sẹ́yìn bóòtù, ojú kò sì lè ṣe àtúnṣe ìpín tirẹ̀. Ìpín náà jẹ́ 80 nínú 280, ìyẹn mìlímítà 14 nínú 50. Èyí ni ohun tó mú kí àìsàn yìí fara pa mọ́ fún Bàbá pẹ́ tó bẹ́ẹ̀: bí wọ́n bá fojú sùn, ohun gbogbo tò lójú wọn, àbáwọ́n kankan kò hàn, síbẹ̀ ọta á lọ síbi tó wù ú.

Ìṣírò nìkan kò tó mi. Mo gbé páálí tuntun sí i. Kí n tó yin ọta kọ̀ọ̀kan, mo rọra ti ọ̀pá sósì dé òpin, mo fi í sílẹ̀, mo fojú sùn, mo sì yìn ín. Lẹ́yìn tí ọta márùn-ún ti lọ báyẹn, mo ṣe bákan náà pẹ̀lú títì í sọ́tùn-ún, lórí páálí kan náà. Nígbà tí mo gbé páálí náà wá fún Bàbá, ihò náà ti pín sí agbo méjì tí òfìfo wà láàárín wọn, agbo kọ̀ọ̀kan sì kéré débi pé àtàǹpàkò lè bò ó. Mo wọ̀n láti àárín agbo kan sí àárín èkejì: mìlímítà 15. Bàbá mú ọ̀kan nínú páálí Jámánì wọn, wọ́n gbé e lé agbo òsì, wọ́n gbé e lé agbo ọ̀tún, wọ́n ní, “Ìbọn mi náà rèé. Méjì ni wọ́n sọ ọ́ dà.” Inú mi dùn gan-an sí ọ̀rọ̀ yẹn, nítorí pé òótọ́ ni: ọ̀pá kò ní àìsàn, ọta kò ní àìsàn, ojú àti ọwọ́ Bàbá kò sì ní ẹ̀bi tí wọ́n ti ń dá ara wọn lẹ́bi fún.

Bóòtù náà ní àwọn àlàfo kéékèèké tí wọ́n gbẹ́ yí etí orí rẹ̀ ká, níbi tí orí sikúrú kékeré kan yẹ kó wọ̀ sí láti dá a dúró. Sikúrú náà kò sí níbẹ̀. Ihò rẹ̀ ṣófo, ọ́ìlì dúdú ló kún un, bóòtù sì ń tú díẹ̀díẹ̀ nígbàkígbà tí wọ́n bá tẹ ọ̀pá wálẹ̀. Mo yọ bóòtù; ó ti jẹ díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àwọn wáṣà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà lápá ọ̀tún àti òsì ọ̀pá sì ti tín-ínrín ju ara wọn lọ. Mo lọ bá ọ̀rẹ́ mi kan láàárín àwọn mẹkáníìkì, tó ní ẹ̀rọ léètì tí wọ́n fi ń gé irin. Ó gé wáṣà méjì láti inú idẹ pẹlẹbẹ, a sì ń lọ̀ wọ́n lórí gíláàsì pẹ̀lú sáńpépà fínnífínní, tí a ń gbé wọn sáyè wò, tí a ń yọ wọ́n, títí ọ̀pá fi ń yí láìfipá ṣùgbọ́n láìmì. Ó tún ṣe sikúrú kékeré tó bá ihò náà mu. Idẹ ni mo yàn dípò irin nítorí pé mo fẹ́ kó jẹ́ wáṣà ni yóò máa jẹ, kì í ṣe ara ìbọn tí kò ṣeé rà mọ́.

Bí a ṣe ń mọ̀ pé bóòtù yìí fún tó rọrùn. Bí a bá ti fún sípíríǹgì, tí ọ̀pá ṣì wà ní títẹ̀ wálẹ̀, ọ̀pá yẹ kó dúró síbi tí a bá fi í sí, kó má fi ìwọ̀n ara rẹ̀ ṣubú, kó má sì le débi tí a ó fi máa fipá tì í. Ọwọ́ kan gbọ́dọ̀ wà lára ọ̀pá ní gbogbo àkókò yẹn, kí ìka má sì sún mọ́ tírígà, nítorí pé bí sípíríǹgì bá já, ọ̀pá yóò fò padà pẹ̀lú agbára tó lè ṣẹ́ ìka. Nígbà tó dúró bó ṣe yẹ, mo yí bóòtù títí àlàfo tó sún mọ́ jù fi bọ́ sí ojú ihò, mo sì fi sikúrú tuntun dá a dúró.

Mo tún yẹ igi ìdìmú wò, nítorí pé igi máa ń sún nígbà ọyẹ́. Sikúrú rẹ̀ gba ìyípo díẹ̀, kò sì sí nǹkan mìíràn níbẹ̀.

Ìgbà yẹn gan-an ni mo tó padà sí ìfojúsùn. Páálí tí mo yìn lẹ́yìn tí bóòtù ti dúró kó gbogbo ihò márùn-ún jọ sí apá òsì, lókè díẹ̀ sí àárín, ní ìwọ̀n mìlímítà 19 láti etí dé etí. Ọ̀rọ̀ ti wá di ti ìfojúsùn nìkan. Ibi tí a bá fẹ́ kí ihò lọ ni a ń sún ìfojúsùn ẹ̀yìn sí: ihò wà lósì, a fẹ́ kó lọ sọ́tùn-ún, a ó sún un sọ́tùn-ún. Láàárín ìfojúsùn méjèèjì jẹ́ mìlímítà 280, nítorí náà ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà tí a bá sún un yóò gbé ihò rìn tó mìlímítà 3 àtààbọ̀. Ẹni tó sún un dé òpin tẹ́lẹ̀ kò mọ bí ìrìn kékeré ṣe ń di ńlá níbẹ̀. Mo sún un jẹ́jẹ́, mo rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀, ihò sì bọ́ sínú òbìrìkìtì 9 àti 10.

Bàbá fúnra wọn ló yìn ín gbẹ̀yìn, ní ìdúró, pẹ̀lú ọwọ́ kan, bí wọ́n ti kọ́ ọ ní Jámánì. Ọwọ́ wọn ń gbọ̀n díẹ̀, kò sì sí wáṣà tí mo lè fi dá ìyẹn dúró. Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ wọ́n fún: kí wọ́n má sọ ọwọ́ kalẹ̀ kíákíá lẹ́yìn tí tírígà bá ti já. Ọta ìbọn afẹ́fẹ́ ń pẹ́ nínú ọ̀pá ju ti ẹ̀tù lọ, ẹni tó bá sì ti ń wá ibi tí ọta bà kí ó tó jáde ti gbé ẹnu ọ̀pá kúrò lójú ọ̀nà. Wọ́n ní àwọn mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, pé olùkọ́ àwọn níbẹ̀ máa ń ní kí àwọn ṣì máa wo ìfojúsùn lẹ́yìn ìró. Ihò wọn fẹ̀ ju tèmi tó wà lórí àpò iyanrìn lọ, ṣùgbọ́n gbogbo wọn wà nínú dúdú, kò sì sí èyí tó ya lọ fúnra rẹ̀.

Ìtọ́jú tí mo kọ sílẹ̀ fún wọn kò pọ̀. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ìbọn náà mọ́. Lásìkò òjò, kí wọ́n máa fi aṣọ tó ní òróró ẹ̀rọ ìránṣọ díẹ̀ nu ara irin níta, kí wọ́n má sì tọ́jú rẹ̀ sínú àpò fóòmù tó ń fa omi mọ́ra. Àpótí onígi tó ń gba afẹ́fẹ́ ló yẹ ẹ́, pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́. Kí ọyẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọọdún, kí wọ́n gbé e wá kí n wo awọ ìdí ọ̀pá, kí n sì fi òróró silikónì kán díẹ̀ sí i. Awọ kejì tí aránbàtà gé wà nínú bébà lọ́dọ̀ mi, pẹ̀lú wáṣà idẹ méjì mìíràn, nítorí pé wáṣà tó wà nínú ìbọn náà yóò jẹ bó bá yá, ọ̀pá yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ọmọ wọn ọkùnrin ti mọ bí a ṣe ń ti ẹnu ọ̀pá sọ́tùn-ún sósì láti wò ó, òun ni yóò sì máa wò ó kí Bàbá tó yìn ín.